Aláàmù Tó Ń Fẹjọ́ Ara Rẹ̀ Sùn: Bí A Ṣe Ń Wáyà Rẹ̀ Kó Má Ké Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Bá Ń Ṣiṣẹ́

Aago mẹ́fà àárọ̀ ni, ní Èkó. Bàbá tẹ rimóòtù látinú pálọ̀, ọkọ̀ sì tàn níta gbangba. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, AC ń fẹ́, gbogbo ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì. Káwọn ọmọ tó mu ògì wọn tán, inú ọkọ̀ á ti tutù. Àfi bí aláàmù ṣe bú sígbe: pìn-ín, pìn-ín, pìn-ín! Gbogbo àdúgbò jí. Kò sí olè, kò sí ológbò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọkọ̀ ló ń gbọ̀n, òun náà ló sì ń fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn.

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó fà á.

Àpótí kékeré kan wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kò ju páálí ìṣáná lọ. Òun là ń pè ní sẹ́ńsọ̀, òun ló ń gbọ́ bí nǹkan bá gbá ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, séráámíìkì pẹlẹbẹ kan wà tó máa ń yọ iná díẹ̀ bí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́ tàbí tó bá gbọ̀n. Pierre Curie, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Faransé, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Jacques ló kọ́kọ́ ṣàlàyé irú iná bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1880. Wọn ò mọ̀ pé yóò di ohun tí yóò máa jí wa láàárọ̀. Bí iná náà bá kéré, aláàmù á kàn dún lẹ́ẹ̀kan bí ẹni ń kìlọ̀. Bó bá pọ̀, ó di ariwo.

Wàyí o, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró lè máa yí nǹkan bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni epo ń gbiná nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ 1,600 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi 27 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Engine seat, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé, ló ń gba gbogbo ìgbọ̀n yẹn mọ́ra. Bó bá ti já, tàbí tí plug kan ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, ara ọkọ̀ ni ìgbọ̀n náà ń bọ́ sí. Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ AC bá tún wọlé, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè. Nítorí náà, mẹkáníìkì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rí, kó yẹ engine seat wò, kẹ́ ẹ tó pe rewáyà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ rewáyà á sì ṣe ni pé wọ́n á ti súkúrú díráfà bọ inú ihò sẹ́ńsọ̀, wọ́n á yí i sílẹ̀. Ariwo tán, owó ti bọ́ sápò. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ ti sọ aláàmù di adití. Lóru ọjọ́ tí olè bá ń gbá gíláàsì, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ohun tá a fẹ́ ni kí sẹ́ńsọ̀ sùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan, kí ojú ṣì wà lára ilẹ̀kùn.

Àyẹ̀wò kan ṣì wà kẹ́ ẹ tó gé wáyà kankan. Ẹ yọ pílọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀ náà, ẹ ti ọkọ̀, ẹ fi rimóòtù sítáàtì í. Bó bá ṣì ń ké, ìgbọ̀n kọ́ ló ń bá a jà. Iná tó wá sórí wáyà ignition, wáyà tó ń gbé iná bí ọkọ̀ bá tàn, ni aláàmù rí. Aláàmù tó wà ní títì, tó déédéé rí iná lórí ignition, olè ló máa kà á sí. Bí aláàmù àti rimóòtù tó ń sítáàtì bá jẹ́ ẹ̀rọ kan náà, ó yẹ kó mọ̀ pé òun lòún tan ọkọ̀, kó sì mójú kúrò lára sẹ́ńsọ̀ fúnra rẹ̀. Wáyà tá a fẹ́ ṣe yìí, ti àwọn tí àpótí méjèèjì wọn yàtọ̀ síra ni.

Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Bẹ́ ẹ bá rí wáyà aláwọ̀ ìyeyè lábẹ́ sítíárìn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ti airbag nìyẹn.

Rélè ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ìyẹn súwíìṣì tó jẹ́ pé iná ló ń fà á, là ń lò. Nọ́ńbà wà lábẹ́ rẹ̀: 30, 85, 86, 87, 87a. Wáyà mẹ́rin ló sábà ń wọ inú sẹ́ńsọ̀: pupa fún iná, dúdú fún ẹ́ẹ̀tì (irin ara ọkọ̀, tí iná ń gbà padà sí bátìrì), méjì yòókù ń gbé ìròyìn lọ fún aláàmù. Àwọ̀ lè yàtọ̀, mítà ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ẹ gé pupa. Èyí tó ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ aláàmù, ẹ so ó mọ́ 30. Èyí tó lọ sínú sẹ́ńsọ̀, ẹ so ó mọ́ 87a. Kí nǹkan kan má wà lórí 87. Bí rélè bá ń sinmi, iná ń kọjá, sẹ́ńsọ̀ ń gbọ́. Bí rélè bá fà, iná gé.

Ẹ gbé iná bátìrì gba fíúsì kékeré wá sí 86. Lórí 85, ẹ so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti inú ẹ̀rọ tó ń sítáàtì wá, èyí tó máa ń di ẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń tan ọkọ̀. Rélè yìí ń gba nǹkan bíi 150 sí 200 mílíámpù; ẹ wo ìwé ẹ̀rọ yín bóyá wáyà náà lè gbé e. Ẹ fi dáyóòdù 1N4007, tí kì í jẹ́ kí iná gba ju ọ̀nà kan lọ, sáàárín 85 àti 86, kí ìlà tó wà lára rẹ̀ kọjú sí 86.

Ibi tó ń dani láàmú nìyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ kú, ó máa ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan gìrì. Ẹ̀rọ ti jọ̀wọ́ rélè lójú ẹsẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ti jí, gìrì yẹn ló kọ́kọ́ gbọ́. Ariwo tún dé! Èmi ti jókòó wákàtí méjì nídìí eléyìí rí, tí mò ń wá wáyà tó já níbi tí kò sí. Rélè tó ní àsìkò nínú ló wò ó sàn, èyí tí kì í tú sílẹ̀ àfi lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún.

Ọkọ̀ onígíà ọwọ́ kì í ṣe ti rimóòtù rárá, ó lè fò síwájú. Ẹ má tan ọkọ̀ sínú gáréèjì tó wà ní dídé, èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, òfin ọdún 1986 kò gbà kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ lójú títì láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ó ku ìdánwò. Ẹ so pílọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀ àti orí bátìrì padà. Ẹ sọ gíláàsì kan kalẹ̀, ẹ ti ọkọ̀, ẹ tàn án, ẹ jẹ́ kí AC wọlé, ẹ wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá táyà. Kó dákẹ́. Ẹ tọwọ́ bọ ojú gíláàsì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn látinú. Kó ké gan-an. Ẹ pa á, ẹ tì í padà, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tún gbá táyà yẹn. Bó bá ké lẹ́ẹ̀kejì yìí, ẹ dá dáṣíbọ́ọ̀dù yín padà sáyè rẹ̀.