Ẹ Má Bọ́ Aṣọ Lára Iṣan

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ pé tìtorí orúkọ tí wọ́n fẹ́ẹ́ pè lẹ ṣe wá. Iṣẹ́jú 40 ni wọ́n fún mi, kò sì ní tó.

Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Òpójẹ̀ àbọ̀, èyí tó ń kó ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, kò gbọ́ òwe yẹn rí. Ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀ bámúbámú, síbẹ̀ ìta ló ti ń wá oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gbà á kọjá ti ná ọjà dé. Ara ti gba púpọ̀ nínú ọ́síjìn rẹ̀, àjẹkù ló kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn òpójẹ̀ kéékèèké kan fi ń ti ìta wọnú ògiri rẹ̀ lọ. Vasa vasorum lorúkọ wọn lédè Látìn, ìyẹn òpójẹ̀ àwọn òpójẹ̀. Lára òpójẹ̀ àlọ, èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, wọn kì í wọlé jìnnà, torí apá inú ògiri lè mu nínú ẹ̀jẹ̀ tútù yọ̀yọ̀ tó ń kọjá. Lára àbọ̀, wọ́n ń wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Àwọn olùwádìí kan da oje ike sínú wọn, nígbà tó le tán, wọ́n yọ́ ẹran dànù. Ohun tó kù dà bí àwọ̀n apẹja tí wọ́n wé mọ́ igi.

Ibi tí mò ń lọ rèé o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ti mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1967, dókítà oníṣẹ́ abẹ René Favaloro lo iṣan ẹsẹ̀, ìyẹn òpójẹ̀ àbọ̀ tí wọ́n yọ lẹ́sẹ̀, ní Cleveland nílẹ̀ Amẹ́ríkà láti fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí lára ọkàn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Àmọ́ àṣà tó gbilẹ̀ ni pé kí wọ́n há ọ̀rá àti awọ ìta, níbi tí àwọn òpójẹ̀ kéékèèké yẹn wà, kúrò lára iṣan náà. Bó bá wá sún kì, wọ́n á fi omi fẹ̀ ẹ́ tipátipá. Wọ́n ní páìpù lásán ni. Páìpù kẹ̀! Ẹni tó bá pe iṣan ní páìpù, kó lọ kọ́ṣẹ́ púlọ́ńbà. Ẹ bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ, ẹ febi pa á, ẹ gbé ẹrù tí kò rù rí lé e lórí, ẹ wá ń bi í pé kí ló dé tó ṣubú?

Ní Örebro, nílẹ̀ Sweden, dókítà oníṣẹ́ abẹ Domingos Souza gbé ọ̀nà míì jáde lọ́dún 1996: ẹ yọ iṣan tọ̀rátọ̀rá, ẹ má fẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ọdún 16, iṣan 83 nínú 100 ṣì ṣí sílẹ̀. Nínú àwọn tí wọ́n há, 64 ni. Àwọn alátakò mi á ní ojú ọgbẹ́ ẹsẹ̀ kì í tètè jinná. Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ju ìwádìí ńlá tó jáde lọ́dún 2024 lù mí, èyí tí kò rí ìyàtọ̀ tó dájú lẹ́yìn ọdún 2. Ọdún 2! Ṣé ọdún 2 ni wọ́n fi ń mọ ilé tó máa wó?

Mo fẹ́ẹ́ bọ́ sórí àwòrán kejì ni nọ́ọ̀sì àgbà kan dìde: "Dókítà, ọkàn lẹ ti ń sọ látàárọ̀. Èmi tí iṣan ẹsẹ̀ mi ti wú látorí ìdúró inú wọ́ọ̀dù ńkọ́?"

Màmá, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Béèyàn bá dúró gbagidi, ìtẹ̀ ẹ̀jẹ̀ inú iṣan lọ́rùn ẹsẹ̀ máa ń tó 90 lórí òṣùwọ̀n mmHg tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Béèyàn bá ń rìn, á wálẹ̀ dáadáa. Tí àwọn ilẹ̀kùn inú iṣan, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sísàlẹ̀, kò bá pa dé mọ́, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró síbẹ̀, ògiri á fẹ̀, ọ́síjìn kò sì ní kárí. Nínú irú iṣan wíwú bẹ́ẹ̀, wọ́n ti rí i pé àwọn òpójẹ̀ kéékèèké yìí ń pọ̀ sí i. Àwọn kan ní ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Èmi rò pé ebi ògiri ti wà ńbẹ̀ tipẹ́. Ní tiyín, màmá, ẹ máa rìn, ẹ máa gbẹ́sẹ̀ sókè, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ afúnlẹ́sẹ̀.

Alága ti ń lu agogo. Ti ìdì ẹ̀jẹ̀ àti ògiri tó ń nípọn dìgbà míì. Ẹ sáà wo àwòrán ìkẹyìn yìí: iṣan tí wọn ò há, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán an mọ́ ọkàn, wọ́n tú ìdè, ẹ̀jẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ wo ara ọ̀rá ìta. Ẹ̀jẹ̀ ń sun níbẹ̀, wíntín-wíntín.