Nọ́ńbà PSA yín lọ sókè? Ẹ dúró ná, ẹ gbọ́ eléyìí

Àsàlámù àlékúmù o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì PSA ni mo bá wá, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ prostate wò, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ ọkùnrin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba èsì, tẹ́ ẹ rí i pé ó ju 4 lọ, tẹ́ ò wá rí oorun sùn mọ́, ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ mọ àmù tí wọ́n ń mọ ní Dada nílùú Ìlọrin níbí, àbí? Tẹ́ ẹ bá pọnmi sí i, ara ẹ̀ á máa làágùn, omi díẹ̀díẹ̀ á máa yọ síta, àmù ò sì fọ́. Bí prostate náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Òun ló ń ṣe èròjà tí wọ́n ń pè ní PSA, inú àtọ̀ ló ń dà á sí, díẹ̀ lára ẹ̀ á wá máa jò wọnú ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tó bá ti da prostate láàmú, tó ń jò á pọ̀ sí i. Jẹjẹrẹ lè fà á o, mi ò ní kò lè fà á, ṣùgbọ́n ÒUN NÌKAN KỌ́! Ọjọ́ orí ń gbé e sókè, kí prostate kàn tóbi ń gbé e sókè, kòkòrò inú ìtọ̀ tàbí ti prostate fúnra ẹ̀, áà, ìyẹn lè gbé e fò sókè gan-an.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í nìyí: ọjọ́ méjì tó ṣáájú tẹ́ẹ̀sì. ỌJỌ́ MÉJÌ! Wọ́n á febi pa ara wọn lọ sí láàbù, bẹ́ẹ̀ oúnjẹ ò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú PSA, ẹ jẹ àmàlà yín kẹ́ ẹ tó lọ. Èyí tó kàn án ni pé ẹ bá ìyàwó sùn lálẹ́ àná, tàbí ẹ gun básíkù lọ gun básíkù bọ̀, kò sẹ́ni tó bi yín, ojú sì ń tì yín láti sọ ọ́. Ẹ fi nǹkan méjèèjì sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì, ẹ jọ̀ọ́.

Àbúrò bàbá mi kan ní Òmù-Àrán, ìtọ̀ há mọ́ wọn nínú, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ wọ́n, ọjọ́ kejì làwọn kan wá fa ẹ̀jẹ̀ PSA. Nọ́ńbà tó jáde, ilé dàrú, àwọn ọmọ ń sunkún lórí fóònù láti Èkó. Rọ́bà yẹn gan-an ń gbé e sókè! Ìgbà tí wọ́n yọ ọ́, tá a dúró fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tá a tún un ṣe, ó wálẹ̀ púpọ̀. Wọ́n fa ẹran díẹ̀ lára prostate yín lọ yẹ̀ wò? Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ni.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù wá ni òdìkejì ẹ̀. Oògùn finasteride àti dutasteride, tí wọ́n ń lò fún prostate tó tóbi, tẹ́ ẹ bá ti lò ó tó bí oṣù mẹ́fà, ó máa ń gé PSA sí bí ìdajì. Ẹ rí 3, inú yín dùn, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ 6 ni! Mi ò ní kẹ́ ẹ dá a dúró fúnra yín o. Ẹ SỌ FÚN DÓKÍTÀ ni mo wí.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tún un ṣe, láàbù tẹ́ ẹ lò lẹ́ẹ̀kíní ni kẹ́ ẹ padà sí, ẹ má ṣe é ní Ìlọrin lónìí kẹ́ ẹ lọ ṣe ti Ọ̀fà lọ́la, ẹ̀rọ wọn lè má bára mu. Ẹ mú èsì àtijọ́ dání, ẹ kó páálí gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbé e ka orí tábìlì dókítà.