Níbo Ni Iná Ń Gbé Nígbà tí Afẹ́fẹ́ Bá Dákẹ́?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo kí yín. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lónìí ni pé àwọn tó ń kọ ìtàn ọlọ afẹ́fẹ́ tó ń pèsè iná fún ilé ń wo òkè jù. Apá tó ń yí lókè ni wọ́n ń yà ní fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ohun tó sọ afẹ́fẹ́ di iná ilé wà nílẹ̀, nínú bátìrì.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Marykirk, abúlé kan ní ìlà-oòrùn àríwá Skọ́tlándì, níbi tí wọ́n ti bí James Blyth ní 1839. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni ní Anderson's College ní Glasgow, ṣùgbọ́n ó ní ilé ìsinmi ní abúlé rẹ̀. Ní oṣù Keje 1887, ó gbé ọlọ afẹ́fẹ́ kan ró sínú ọgbà ilé náà, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 10. Apá mẹ́rin ni ó ní, ó sì ta aṣọ ìgbòkun mọ́ wọn, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọlọ tí wọ́n ti fi ń lọ ọkà tipẹ́tipẹ́ ṣe rí. Àmọ́ dípò ọlọ ọkà, dáínámò, ẹ̀rọ tó ń sọ yíyí di iná, ni ó fi okùn so mọ́ ọn, dáínámò náà sì ń rọ iná sínú bátìrì. Nígbà tí ó ṣàlàyé iṣẹ́ yìí fún ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní Glasgow ní oṣù Karùn-ún 1888, ó ní bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ dáadáa, ó lè tan gílóòbù 10.

Ẹ fọkàn bá mi lọ níbí, nítorí ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Afẹ́fẹ́ lè fẹ́ kíkankíkan ní aago méjì òru nígbà tí onílé ń sùn, kí ó sì dákẹ́ ní aago mẹ́jọ alẹ́ tí onílé ń wá iná tí yóò fi kàwé. Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti fi òjé àti ásíìdì ṣe bátìrì tó ṣeé rọ iná sí léraléra ní 1859. Ní 1881, Camille Faure tún un ṣe, ó sì di ohun tó lè gba iná púpọ̀. Irú bátìrì Faure yìí ni Blyth lò. Láìsí i, ohun ìṣeré inú ọgbà ni ọlọ náà ì bá jẹ́.

Blyth fẹ́ fi iná tó ṣẹ́ kù tan òpópónà abúlé, àwọn ará Marykirk sì kọ̀, wọ́n ní iṣẹ́ Sàtánì ni. Ó dùn mí títí di òní.

Àwọn kan á máa takò mí pé kì í ṣe Blyth ni ẹni àkọ́kọ́, pé Josef Friedländer ti gbé ọlọ tirẹ̀ kalẹ̀ ní Vienna, ní Ọ́stríà, ní 1883. Ibi ìpàtẹ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Àwọn mìíràn á ní Charles Brush ti Cleveland, ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀gá. Òótọ́ ni pé apá 144 ni ọlọ tirẹ̀ ní, ó sì lè pèsè kilowátì 12, ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ lẹ́yìn Blyth ni ó dé. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé Brush: sẹ́ẹ̀lì bátìrì 408 ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ kan ti nawọ́ sókè, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ẹni tí kò bá ní bátìrì kò lè fi afẹ́fẹ́ tanná ni?” Ìbéèrè náà gbé mi dé ọ̀dọ̀ Poul la Cour, olùkọ́ ní Askov ní Dẹ́nmákì, tí mo fẹ́ fi sí ìparí. Láti 1891 ni ó ti ń fi iná tí ọlọ rẹ̀ ń pèsè ya omi sí háídrójìn àti ọ́síjìn. Ó ń kó háídrójìn pamọ́ sínú táńkì, gáàsì yìí sì ni wọ́n fi tan àtùpà ilé ẹ̀kọ́ náà láti 1895 sí 1902. Ọ́síjìn díẹ̀ máa ń dà pọ̀ mọ́ ọn, ó máa ń bú gbàù, fèrèsé a sì fọ́. Síbẹ̀ wọn kò fi í sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà ìpamọ́ ni mò ń jà fún, bátìrì sì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Àkókò ti lọ, n kò ní lè sọ tán nípa tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Jacobs ní Montana, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣe ọlọ afẹ́fẹ́ alápá mẹ́ta fún àwọn àgbẹ̀ tí wáyà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Bátìrì wà nídìí tiwọn náà. Lẹ́yìn òfin Amẹ́ríkà ti 1936 tó ń mú wáyà iná wọ oko, ìdí tí àgbẹ̀ fi ń pa iná mọ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, ọjà ọlọ náà sì ń rẹ̀yìn.