Ìfun Kòkòrò Ni Kí Ẹ Wò, Ẹ Fi Erùpẹ̀ Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí ti mọ ibi tí mò ń lọ, ṣùgbọ́n màá tún un wí. Àwọn kan ń sọ pé àdáyébá ni oògùn apakòkòrò Bt, tí a fi bakitéríà inú erùpẹ̀ tó ń jẹ́ Bacillus thuringiensis ṣe, pé nítorí náà kò léwu. Kì í ṣe torí pé inú erùpẹ̀ ló ti wá ni kò fi ń ṣe wá ní nǹkan. Ṣebí Ọlọ́run ló dá nikotíìnì inú ewé tábà náà? Wọ́n fi pa kòkòrò lóko fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì lè pa ẹni tó ń fọ́n ọn.

Bí oúnjẹ bá tán ní àyíká bakitéríà yìí, yóò fi èèpo líle bo ara rẹ̀, yóò sì to purotéènì jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan títí yóò fi di kírísítálì. Ẹ wò ó lábẹ́ maikirosíkóòpù: ó ṣóńṣó lókè, ó ṣóńṣó nísàlẹ̀. Kírísítálì yìí fúnra rẹ̀ kò pa nǹkan kan. Ó dìgbà tí ìdin àfòpiná bá jẹ ewé tó wà lórí rẹ̀. Inú ìfun ìdin kò kan bíi ti ikùn wa. pH rẹ̀ (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó; bó bá ṣe ga tó ni kò ṣe kan tó) sábà máa ń lé ní 9, ibẹ̀ sì ni kírísítálì ti ń yọ́. Ẹ́ńsáìmù tí ìdin fi ń da oúnjẹ á gé apá kan lára purotéènì náà dànù, èyí tó ṣẹ́kù á wá di májèlé. Yóò dì mọ́ ibi pàtó kan lára ògiri ìfun, yóò sì dá ihò síbẹ̀. Omi á ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì á wú, á bẹ́.

(Àwọn kan máa ń dá oògùn náà padà nítorí pé kòkòrò ṣì wà lórí ewé lọ́jọ́ kejì. Ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa: kò jẹun mọ́. Ikú ló ń dúró dè.)

Tiwa ńkọ́? Ásíìdì ló wà nínú ikùn wa, a ò sì ní ibi tí májèlé náà lè dì mọ́. Ohun tó dáàbò bò wá kò ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ń pariwo pé “àdáyébá ni, kò léwu”, ẹ bá mi bi í nípa májèlé mìíràn tó ń jẹ́ thuringiensin. Bakitéríà kan náà, erùpẹ̀ kan náà! Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kan ló ń ṣe é. Òun ò bèèrè irú ìfun tí ẹnikẹ́ni ní; ṣíṣe RNA, ìyẹn ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì ń tẹ̀lé láti ṣe purotéènì, ló ń dí lọ́wọ́, ó sì lè ṣe ẹranko afọ́mọlọ́mú léṣe. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ oògùn Bt wò kí wọ́n tó gbà á wọlé.

Alága ti ń wo aago, ẹ jẹ́ kí n sáré ìtàn kọjá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ishiwata, rí bakitéríà Bt lára kòkòrò sílíìkì tó ń kú ní Japan ní 1901. Òmíràn, Berliner, ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Jámánì ní 1911, ó sì fi orúkọ Thuringia, agbègbè kan níbẹ̀, sọ ọ́. Ẹ̀yà israelensis, tí wọ́n rí ní aṣálẹ̀ Negev ní 1976, ń pa tanwíji. Ó tó.

Ìyá kan nawọ́ látẹ̀yìn: “Ọ̀gá, tó bá jẹ́ pé ìfun ni gbogbo rẹ̀, kí ni kò ní jẹ́ kí kòkòrò pààrọ̀ ìfun?”

Kò sí, mà. Wọ́n ti ń ṣe é. Plutella xylostella, àfòpiná kan tí ìdin rẹ̀ ń jẹ kábéèjì, ti ṣe é ní Hawaii. Ìròyìn ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1990. Májèlé kò rí ibi dì mọ́ dáadáa mọ́. Èyí tí a ń fọ́n, oòrùn ń tètè bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n fi àbùdá Bt sí, tó bọ́ sí ọjà ní Amẹ́ríkà ní 1996, tòun ti májèlé ló ń jí, tòun ti májèlé ló ń sùn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí àgbẹ̀ máa gbin òwú lásán tí kò ní Bt sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní India, ọ̀pọ̀ kò gbìn ín, ìdin pupa inú èso òwú sì borí.

“Ṣé kí àgbẹ̀ wá gbin oko fún kòkòrò ni?”

Díẹ̀ nínú rẹ̀, mà. Orí òwú lásán yìí ni àwọn kòkòrò tí kò borí májèlé ti ń yè. Bí èyí tó ti borí májèlé bá gbé èyí tí kò borí níyàwó, tí májèlé inú ewé sì le tó, àwọn ọmọ wọn ṣì ń kú.