Whitefield: ilé pọ̀, omi ò tó

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùwòran wa. Ẹ wo ọkọ̀ táńkà tó ń wọ géètì yẹn. Omi ló gbé. Òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló kún inú àwọn ilé gogoro wọ̀nyí, owó ilé ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ omi rírà ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Whitefield nìyí, létí ìlú Bengaluru, ní gúúsù Íńdíà.

Lọ́dún 1882, ọba Mysore, tó ń ṣàkóso agbègbè náà nígbà náà, fún ẹgbẹ́ àwọn ará Íńdíà tó ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó lára ní ilẹ̀ bíi 3,900 éékà láti fi dáko. D. S. White ló ṣáájú wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibẹ̀. Abúlé jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, àfi ìgbà tó kù díẹ̀ ká wọ ọdún 2000 tí ọgbà iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá kan, ITPL, dé. Èrò tẹ̀ lé iṣẹ́, àwọn akọ́létà tẹ̀ lé èrò. Oko di ẹ́sítéètì.

Ọ̀rọ̀ omi wá dé. Bengaluru fi nǹkan bí 900 mítà ga ju òkun lọ, kò sì sí odò ńlá tó gba inú rẹ̀ kọjá. Àwọn ará àtijọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sé omi òjò di adágún káàkiri: tí ti òkè bá kún, á ṣàn sínú ti ìsàlẹ̀. Lóde òní, odò Kaveri ni wọ́n ti ń fa omi, ó fi nǹkan bí 100 kìlómítà jìnnà, ẹ̀rọ ló sì ń tì í gòkè. Páìpù rẹ̀ ò tètè dé eteetí ìlú, ni àwọn onílé bá ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀, kọnkéré ti bo ilẹ̀ tí ì bá fa òjò mu. Tí kànga bá gbẹ, ó di ti ọlọ́táńkà.

Ibi tó dùn mí jù ni àwọn adágún yẹn. Inú wọn ni omi ẹ̀gbin ilé ń ṣàn lọ. Láti adágún Bellandur ló ń wọ adágún Varthur, á máa hó, ìfófó funfun rẹ̀ á ru sókè, atẹ́gùn á gbé e dà sójú títì lu àwọn tó gun alùpùpù. Ní oṣù Kejì 2017, Bellandur gbiná. Adágún omi ni mo wí o!

Ọkọ̀ ojú irin ìgbàlódé dé Whitefield ní 2023, ìyẹn dára. Àmọ́ ní 2024 kànga gbẹ lọ bẹẹrẹ, débi pé ìjọba fi gbèdéke lé owó táńkà: 1,000 rúpìì fún 12,000 lítà, tí kò bá ju kìlómítà 5 lọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, wọ́n ṣí páìpù Kaveri tuntun, 775 mílíọ̀nù lítà lójúmọ́, fún abúlé 110 tí ìlú ti gbé mì láti 2007.

Mo bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n Bengaluru nìkan kọ́ ló ni Kaveri. Àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Tamil Nadu nísàlẹ̀ odò náà ń fi gbin ìrẹsì, ìjà omi láàárín wọn àti Karnataka, ìpínlẹ̀ tí Bengaluru wà, sì ti pẹ́. Nítorí náà, páìpù nìkan ò lè gbà wọ́n. Kí wọ́n fọ omi ẹ̀gbin mọ́ kó tó dé adágún, kí wọ́n sì jẹ́ kí òjò rí ilẹ̀ wọ̀.