Bí omi ṣe ń gbé lífítì Eiffel Tower ní 1889: ẹ jẹ́ ká fi sírínjì ṣe é

Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ lífítì ni mo ń ṣe, gbogbo ìgbà tí mo bá ti ní omi ló ń gbé èèyàn gun Eiffel Tower, ilé gogoro onírin tó wà ní Paris, nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹ máa ń ní kí n fi hàn yín. Ó yá, òní la máa ṣe é.

Ẹ wá sírínjì méjì, ọ̀kan 5ml, ọ̀kan 20ml, rọ́bà dírípù, òwú, rílì òwú méjì tó ti ṣófo, páálí àti pátákó. Ẹ yọ abẹ́rẹ́ dànù o.

Ẹ ri gbogbo ẹ̀ sínú bàsíà omi. Ẹ fa omi kún kékeré, ẹ ti ńlá wọlé pátápátá, abẹ́ omi níbẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ ti fi rọ́bà so wọ́n pọ̀. Ẹ máa fi ìka ta rọ́bà yẹn títí afẹ́fẹ́ á fi tán nínú ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú níbí! Ohun tó ń bí mi nínú jù nínú fídíò àwọn ẹlòmíì nìyí, afẹ́fẹ́ á kún inú rọ́bà, lífítì á máa gbọ̀n jìgìjìgì, wọ́n á ní sírínjì ò dáa. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kì í gbà. Ibẹ̀ ni gbogbo agbára yìí wà.

Ẹ wá de ńlá mọ́ pátákó lóòró, ẹ lẹ páálí mọ́ orí písítìn ẹ̀ (ọ̀pá tí à ń tì wọlé tí à ń fà jáde nínú sírínjì), ìyẹn ni yàrá lífítì, ẹ tẹ kékeré. Ẹ wo agolo mílíìkì tí mo gbé lé e, ìka kan ni mo fi gbé e! Ní Paris, táǹkì tó wà lókè ló ń ṣe iṣẹ́ ìka mi yìí. Ẹ́ńjìnnì onísítíìmù á pọ́ǹpù omi lọ sókè, ìwúwo omi fúnra ẹ̀ á wá ti písítìn. Omi tó bá wà ní àjà kejì, nǹkan bíi mítà 115 sókè, á fi agbára bíi kílò 11 tẹ gbogbo ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró nísàlẹ̀.

Irú èyí tó dúró ṣánṣán yìí ni ti Léon Edoux, ẹnjiníà ará Faransé, láti àjà kejì dé òkè, mítà 160. Ẹnì kan bi mí ní kọ́mẹ́ǹtì pé ṣé písítìn gùn tó bẹ́ẹ̀ ni? Rárá o. Ẹ kan rílì kan mọ́ òkè pátákó, ẹ so òwú mọ́ páálí, ẹ gbé e gba orí rílì, ẹ so páálí kejì mọ́ òdìkejì. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀kan ń gòkè, ìkejì ń sọ̀ kalẹ̀, bíi garawa méjì lórí kànga. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń rin mítà 80 péré, àwọn èèyàn á bọ́ sílẹ̀ láàárín, wọ́n á wọ ìkejì. Ọgbọ́n yẹn wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀, mi ò lè sọ ọ́ tán!

Ti Otis, ilé iṣẹ́ lífítì ará Amẹ́ríkà, ńkọ́, nínú ẹsẹ̀ àríwá àti gúúsù ilé gogoro náà? Ẹ tú ti àkọ́kọ́. Ẹ fi rílì sórí písítìn, ẹ so orí òwú kan mọ́ ìsàlẹ̀ pátákó, ẹ gbé e gba orí rílì, páálí á wà ní orí kejì. Písítìn rin ínṣì kan, páálí rin méjì, àmọ́ á le sí ìka yín díẹ̀. Rílì kan ni tèmi, Otis to púlì jọ débi pé ìlọ́po 12 ni lífítì ń rìn.

Ẹ tún ń bi mí ìdí tí ti Edoux ò fi sí mọ́. Omi máa ń di yìnyín nígbà òtútù, wọ́n á tì í pa. Ní 1983 ni wọ́n fi oníná rọ́pò ẹ̀. Àmọ́ lífítì 1899 tó wà ní ẹsẹ̀ ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti tún un ṣe o.

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ da omi nù, kẹ́ ẹ fa písítìn jáde kó gbẹ, torí rọ́bà orí ẹ̀ máa ń gan.