Tí Oníbàárà Bá Yọ Lára Iṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Tó Yẹ Ká Dín

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin káfíńtà ẹlẹgbẹ́ mi, àti gbogbo ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń wo fídíò yìí. Ṣọ́ọ̀bù mi nílùú Ìbàdàn la wà yìí. A ò gé pákó kankan lónìí, owó la fẹ́ sọ. Ẹ ti gba iṣẹ́, ẹ ti fẹnu kò lórí iye, oníbàárà ti san àsansílẹ̀. Ó wá pè pé òun ti yọ apá kan kúrò, kí ẹ bá òun dín owó. Kí lẹ máa sọ?

Ẹ má dárúkọ iye kankan lórí fóònù. Ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan pè mí nígbà tí mo wà lórí ọ̀kadà, ó ní òun ò ṣe kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀ mọ́, kí n yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó. Mo ní kò burú. Nígbà tí iṣẹ́ yẹn máa fi parí, àpò ara mi ni mo ti san owó àwọn ọmọ tó bá mi ṣe é. Oníbàárà yẹn kò rẹ́ mi jẹ o. Èmi ni mo dáhùn kí n tó ṣírò. Ohun tí mo máa ń sọ báyìí nìyí: "Mo ti gbọ́ yín, Mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìwé iṣẹ́ náà, màá fi iye tuntun ránṣẹ́ sí yín kó tó di alẹ́ ọ̀la." Kí ẹ sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ẹni tó bá dúró fún ọjọ́ mẹ́ta láìgbọ́ nǹkan kan á ti máa rò pé ẹ fẹ́ jẹ owó òun.

Ó yá, ẹ sún kámẹ́rà mọ́ ìwé yìí. Iṣẹ́ Màmá kan ní Àkóbọ̀ ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ: wọ́dúróòbù mẹ́ta àti kábínẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná. Owó ọjà ń yí padà, ẹ má di iye mi mú, ọ̀nà ìṣirò ni kẹ́ ẹ wò. Bọ́ọ̀dù 23, ₦50,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦1,150,000. Híńjì, rọ́nà (irin tí dúrọ́ọ̀ ń yọ́ lórí rẹ̀), hándù, ẹ́jì tépù (tépù tí a ń lẹ̀ mọ́ etí bọ́ọ̀dù), skúrù àti gọ́ọ̀mù, ₦440,000. Owó ẹ̀rọ tó ń gé pákó, ₦115,000. Iṣẹ́ ọwọ́, ₦610,000. Ọkọ̀, ₦80,000. Wíwọn ilé àti yíya àwòrán, ₦40,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦2,435,000. Mo fi èrè tèmi lé e, náírà 15 lórí ọgọ́rùn-ún, a sì fi àdéhùn sí ₦2,800,000. Màmá san ₦1,960,000 sílẹ̀.

Wọ́n wá pè mí. Wọ́n ní ọmọ wọn tó yẹ kó máa gbé yàrá kẹta ò bọ̀ mọ́, kí n fi wọ́dúróòbù ibẹ̀ sílẹ̀. "Nǹkan mẹ́rin lẹ fẹ́ ṣe fún mi, ó ti ku mẹ́ta. Ẹ pín owó sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ yọ ọ̀kan." ₦700,000 nìyẹn. Ẹ má bínú sí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ò rí ìwé wa, bó ṣe máa ṣírò rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti bèèrè, torí iṣẹ́ ti dín lóòótọ́.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú ìwé yẹn, mo ń bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè pé: tí wọ́dúróòbù yẹn bá lọ, ṣé ìwọ náà á bá a lọ?

Bọ́ọ̀dù ló máa ń tan èèyàn jù. Ẹ wo àwòrán gígé yìí, òun ló ń fi bí a ṣe máa gé bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹsẹ̀ bàtà 8 ni gígùn bọ́ọ̀dù, 4 ni fífẹ̀ rẹ̀, odidi la sì ń rà. Wọ́dúróòbù kan ń jẹ márùn-ún. Àmọ́ ẹ wo àwọn ibi tí mo fi bírò pupa sí yìí: àjẹkù bọ́ọ̀dù ilé ìdáná ni. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ gé pẹpẹ inú wọ́dúróòbù kẹta. Bọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ rà fún un kò ju mẹ́rin lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tún àwòrán gígé yà látìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí iṣẹ́ bá dín. Ó ń gba wákàtí kan, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tẹ́ ẹ fi lè mọ òótọ́. Mi ò tíì lọ sọ́jà pákó Bódìjà nígbà tí wọ́n pè, nítorí náà ₦200,000 kúrò. Owó ẹ̀rọ bọ́ọ̀dù mẹ́rin, ₦20,000, kúrò. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ₦120,000, kúrò, torí kò sí ẹni tó tíì fọwọ́ kan án. Ká ní a ti gé e ni, owó ọmọ tó gé e gbọ́dọ̀ dúró.

Híńjì àti rọ́nà rẹ̀ ti wà nílẹ̀, ₦60,000. Wọn ò tíì jáde nínú páálí, ẹni tó tà wọ́n gbà wọ́n padà, nítorí náà owó yẹn kúrò. Hándù ni kò gbà, torí àwọ̀ tí Màmá yàn, wọ́n bá wa pàṣẹ rẹ̀ ni. ₦30,000 yẹn dúró. Ṣùgbọ́n bí owó bá dúró lọ́rùn oníbàárà, ọjà náà tiẹ̀ ni. Mo di hándù yẹn sínú ọ̀rá fún wọn. Kí ẹ gba owó nǹkan, kẹ́ ẹ tún fi nǹkan ọ̀hún sí ṣọ́ọ̀bù yín, ìyẹn ò dáa rárá.

Ọkọ̀ ò dín, ìgbà kan náà ló máa lọ. Wíwọn ilé ò dín, mo ti wọn yàrá yẹn.

Èrè wá ńkọ́? Àwọn kan á ní èrè kì í dín. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí mi ò ṣe, mi ò lè jẹ èrè orí rẹ̀. ₦400,000 ló kúrò nínú ìnáwó, èrè orí rẹ̀ jẹ́ ₦60,000. Àpapọ̀ ẹ̀dínwó, ₦460,000.

Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìlà lórí ìlà, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí i: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ Mà. Iye àtijọ́, ₦2,800,000. Ohun tó kúrò, ₦460,000. Iye tuntun, ₦2,340,000. Ẹ ti san ₦1,960,000, ó ku ₦380,000. Hándù yàrá kẹta wà lọ́wọ́ mi fún yín. Tẹ́ ẹ bá padà fẹ́ wọ́dúróòbù yẹn, iye ọjà ọjọ́ náà la máa lò. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ bá mi fèsì kí n lè lọ ra pákó." Ẹ ṣàkíyèsí pé owó tó kù ni mo ti yọ ẹ̀dínwó, mi ò dá kọ́bọ̀ padà nínú àsansílẹ̀.

Màmá tún pè pé ó ṣì wọ́n. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe rèé. A ó ní "ó dáa, Mà," a ó wá lọ fi MDF, ìyẹn bọ́ọ̀dù tí wọ́n fi pákó lílọ̀ ṣe, sábẹ́ síǹkì níbi tó yẹ kí pákó tí omi kì í tètè bà jẹ́ wà. Omi á kàn án, á wú, ilẹ̀kùn ò ní pa dé mọ́. Ẹ má ṣe é. Ẹ wá nǹkan mìíràn tí oníbàárà lè fi ojú ara rẹ̀ yọ. Mo sọ fún Màmá pé, "Dúrọ́ọ̀ mẹ́fà ló wà ní ilé ìdáná yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ mẹ́ta di pẹpẹ lásán, rọ́nà mẹ́ta á kúrò." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn fẹ́ dúrọ́ọ̀ àwọn.

Lálẹ́ yẹn ni ìdáhùn wọn wọlé: "Mo gbà. Ẹ má gbàgbé hándù mi o." Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ bọ́ọ̀dù 19 sórí ìwé, mo gba Bódìjà lọ.